Irin Ni àbí Alumíníọ̀mù? Ọ̀rọ̀ Lórí Egungun Kẹ̀kẹ́ Akẹ́rù

Láti Fidjrossè, létí òkun, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja kan. Wọ́n ti ń dá àjọ láti bí ọdún méjì. Owó ti pé tí wọn yóò fi ra alùpùpù, kí oníṣẹ́ sì bá wọn ṣe ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn àti ibi ẹrù sí i, kó di kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò máa kó ẹja láti etí òkun lọ sọ́jà. Ajórinmọ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní irin lòun yóò lò. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ládùúgbò ní kí wọ́n má fowó ṣòfò: irin wúwo, irin ń dípẹtà, alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó sì ń dán. Báyìí ni ẹgbẹ́ ṣe pín sí méjì. Wọ́n ní kí n bá àwọn dá sí i.

Ẹ̀yin ìyá wa, èmi kì í ṣe adájọ́ o. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ kí n tó dé ìdí rédíò. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n là á yé yín, kí ẹ lè fẹnu ara yín béèrè ohun tó yẹ lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìdáhùn pamọ́ di ìparí. Fún irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, irin ni kí ẹ fi ṣe egungun kẹ̀kẹ́ náà. Alumíníọ̀mù ni kí ẹ fi ṣe àpótí ẹja. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì fara kanra níhòòhò. Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní egungun ọkọ̀. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní ṣáàsì. Òun ni àwọn ọ̀pá tó wà nísàlẹ̀ tí gbogbo nǹkan yòókù jókòó lé: ẹrù, àpótí, ẹni tó ń wà á, àti ọ̀pá tó so táyà méjèèjì ẹ̀yìn pọ̀. Bí àpótí bá ya, ẹja á dà sílẹ̀. Bí egungun bá dá lójú ọ̀nà, ènìyàn ló ń ṣubú. Ìdí nìyẹn tí a ò fi gbọdọ̀ fi ojú ẹwà yàn án.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja yíyan ní kí oníṣẹ́ kan ṣe ibi ẹrù tí alùpùpù yóò máa fà. Irú páìpù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe fèrèsé ni ọ̀gbẹ́ni náà lò, ó fi ríbẹ́ẹ̀tì kàn án pọ̀, ó jó àwọn ibì kan. Ó dára lójú bí ọjọ́ ọdún. Lóṣù mélòó kan, níbi kòtò kan báyìí, igun kan já. Ẹrù dà sílẹ̀, alùpùpù yí, apá ẹni tó ń wà á yẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọkọ̀ ńlá lẹ́yìn wọn. Nígbà tí a wo ibi tó já, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti jó o ni. Àtijọ́ ló ti ń là, ọ̀dà ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Igun yẹn ti lanu tipẹ́, àwa ni a ò rí i.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ìwúwo, torí òun ni àwọn tó fẹ́ alumíníọ̀mù máa ń kọ́kọ́ sọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ẹ bá mú irin tó tóbi tó lítà kan, bí ìgò epo lítà kan, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 8. Alumíníọ̀mù tó tóbi bákan náà kò ju kílò 2.7 lọ. Ìyẹn ni pé irin wúwo tó alumíníọ̀mù lọ́nà mẹ́ta. Ẹni tó bá gbọ́ eléyìí á ní, kí la tún ń rò?

Ẹ dúró ná. Nǹkan kejì wà tí oníṣòwò kì í sọ. Irin tún le ju alumíníọ̀mù lọ ní bí ìlọ́po mẹ́ta, tí a bá wo bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ tí a bá gbé ẹrù lé e. Ẹ mú ọ̀pá méjì tí wọ́n ga bákan náà, tí wọ́n sanra bákan náà, ọ̀kan irin, ọ̀kan alumíníọ̀mù. Ẹ gbé ẹrù kan náà lé àárín wọn. Ti alumíníọ̀mù yóò tẹ̀ wálẹ̀ ní bí ìlọ́po mẹ́ta ti irin. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi alumíníọ̀mù ṣe egungun kò lè kàn gba ìwọ̀n páìpù irin kó fi ṣe é. Ó ní láti lo páìpù tó sanra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ti rí i rí láìmọ̀. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ tí wọ́n fi irin ṣe: páìpù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wo àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe: páìpù wọn sanra bí ọparun. Wọn kò ṣe é sanra nítorí ẹwà. Ọparun náà ló kọ́ wa: inú rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n torí pé ó sanra, kì í tẹ̀ bí pankẹ́rẹ́.

Tí a bá wá fi ìsanra yẹn kún un, èrè ìwúwo á dín kù. Ká sọ pé egungun irin kan jẹ́ kílò 60. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá fi alumíníọ̀mù ṣe irú rẹ̀, tó ṣe é sanra bó ṣe yẹ, ó lè jẹ́ kílò 35 tàbí 40. Gbogbo ohun tí ẹ jèrè kò ju bí ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Lórí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé kílò 300 ẹja àti yìnyín, ṣé ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì ni a ó tìtorí ẹ̀ fi ẹ̀mí wewu?

Ẹ wá wo àpótí. Ká sọ pé páànù tí a ó fi ṣe é lápapọ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 5. Bí ẹ bá fi páànù irin tó nípọn mílímítà 1.5 ṣe é, yóò wúwo tó kílò 59. Bí ẹ bá fi alumíníọ̀mù tó tiẹ̀ nípọn jù ú lọ, mílímítà 2, yóò jẹ́ kílò 27. Èrè tí ẹ rí níbẹ̀ ju kílò 30 lọ, ó ju ti egungun lọ, ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ò sì rọ̀ mọ́ ọn. Ibi tó yẹ ká ti wá ìfúyẹ́ nìyẹn: lókè, lára àpótí. Ẹrù tó bá fúyẹ́ lókè náà kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tètè yí lójú kọ́nà.

Nǹkan kẹta ni àárẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, irin àti alumíníọ̀mù náà ń rẹ̀. Kí ọmọdé kan nínú ẹgbẹ́ yín mú wáyà, kó máa tẹ̀ ẹ́ síwá, kó máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan kò lè dá. Lẹ́ẹ̀mejì kò lè dá. Tó bá yá, kó tó mọ̀, ó ti dá sí méjì. Kì í ṣe agbára ọmọ náà ló dá a, àtúntẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni egungun kẹ̀kẹ́ yín yóò máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo kòtò, láàárọ̀, lálẹ́, lójoojúmọ́. Ojú ò lè rí títẹ̀ náà, ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì rèé. Irin ní ìwọ̀n kan tó jẹ́ pé, bí títẹ̀ náà kò bá kọjá ibẹ̀, ó lè máa fara dà á lọ fún ọdún gbọọrọ. Alumíníọ̀mù kò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Kòtò kékeré náà ń ka iye fún un. Ó dà bí àpò tí à ń yọ kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀: ó lè pẹ́, ṣùgbọ́n yóò tán lọ́jọ́ kan. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú mọ èyí, wọ́n sì ń lo alumíníọ̀mù dáadáa, nítorí pé wọ́n ń ka iye ìgbà tí ọkọ̀ fò, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wá ojú ibi tó ń là. Ta ni yóò máa bá wa ka kòtò ojú ọ̀nà?

Nǹkan kẹrin ni iná. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé alumíníọ̀mù ń tètè yọ́, torí wọ́n ti rí àwọn tó ń yọ́ ọ rọ ìkòkò. Ní nǹkan bíi 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ni ó ń yọ́, nígbà tí irin ń fẹ́ bíi 1,500. Ẹ lè rò pé èyí á mú kí jíjó rẹ̀ rọrùn. Rárá o. Alumíníọ̀mù ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára tí ojú ò rí, awọ yẹn kì í yọ́ àfi tí iná bá kọjá 2,000. Inú á ti yọ́ tán, awọ á ṣì dúró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irin máa ń pọ́n kó tó yọ́, oníṣẹ́ á rí i. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ó ń wò ọ́ báyìí, lójijì ó ti dà sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ jó alumíníọ̀mù dáadáa nílò ẹ̀rọ tirẹ̀, ó nílò gáàsì àágónì nínú sílíńdà, ó sì nílò ọwọ́ tó ti mọ́ ọn lára. Tó bá tiẹ̀ wá jó o dáadáa, ọ̀ràn mìíràn wà. Alumíníọ̀mù líle tí wọ́n fi ń ṣe egungun, iná ni wọ́n fi sè é nílé iṣẹ́ kó tó le. Bí iná ìjórin bá tún kàn án, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó yóò rọ̀, ó lè pàdánù tó ìdajì agbára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá ní ààrò tí wọ́n lè fi dá agbára náà padà. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì kò ní in. Ẹ rántí ibi tí ti ẹ̀gbọ́n mi ti já: ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó.

Ẹ tún rò ó báyìí. Ká ní kẹ̀kẹ́ yín bàjẹ́ láàárín Pobè sí Kétu ní ọjọ́ ọjà. Tó bá jẹ́ irin, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí ajórinmọ́rin tó ní ẹ̀rọ àti ọ̀pá ìjórin, yóò jó o, ẹ ó sì máa lọ. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ ó wá ọkọ̀ tí yóò gbé kẹ̀kẹ́ padà sí ìlú ńlá. Ẹja kì í dúró de ènìyàn.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀yin ará Fidjrossè ń sọ níbẹ̀ yẹn. Ẹ ní, “Ìpẹtà ńkọ́?” Òótọ́ ni, ọ̀tá wa nìyẹn. Ẹni tó bá ń gbé létí òkun mọ̀ ọ́n: irin ojú fèrèsé, ilẹ̀kùn, àga, kódà ìṣó, afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ gbogbo rẹ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ máa ń bà lé irin, ó ń fa omi mọ́ra, irin á sì máa tutù kódà bí òjò kò rọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ja tún burú jù, torí omi yìnyín àti omi ẹja tó ní iyọ̀ ń kán sí egungun láti òkè wá. Ìpẹtà irin ń wú, ó ń bó, ó ń ṣí ojú tuntun sílẹ̀ fún omi láti jẹ. Alumíníọ̀mù yàtọ̀: awọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń dáàbò bo inú. Létí òkun, iyọ̀ lè dá ihò kéékèèké sí i lára, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú funfun, ṣùgbọ́n kì í bó bíi ti irin.

Níbi ọ̀rọ̀ ìpẹtà, alumíníọ̀mù borí. N kò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ní oògùn. Ẹ wo páànù orí ilé yín. Irin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síǹkì ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́. Síǹkì máa ń fi ara rẹ̀ jìn fún irin: òun ni iyọ̀ á kọ́kọ́ jẹ. Egungun kẹ̀kẹ́ náà lè wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń ri irin sínú síǹkì yíyọ́, ìyẹn ló dára jù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jó o tán. Kí oníṣẹ́ lu ihò sí àwọn páìpù kó tó gbé e lọ, torí páìpù tó dí pa lè bú nínú síǹkì gbígbóná. Bí ẹ kò bá rí i, ọ̀dà tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀ wà. Kí wọ́n ha irin mọ́ tónítóní, kí wọ́n gbá èérí ìjórin kúrò, kí wọ́n kun ọ̀dà síǹkì náà, lẹ́yìn náà kí wọ́n kun ọ̀dà lé e lẹ́ẹ̀mejì.

Ìtọ́jú tó kù wà lọ́wọ́ yín. Lálaalẹ́, kí wọ́n da omi tí kò níyọ̀ sí egungun náà, pàápàá lábẹ́. Kí oníṣẹ́ lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ gbogbo páìpù kí omi má bàa sùn sínú rẹ̀, torí inú ni irin ti ń jẹrà tí ojú kò rí. Lóṣooṣù, kí ẹnì kan fi àkísà nu gbogbo ibi tí wọ́n jó, kó sì wò ó lójú oòrùn. Ibi tí ọ̀dà bá ti là tẹ́ẹ́rẹ́, tí omi pupa ń jáde, irin ń ránṣẹ́ sí yín nìyẹn.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ da àwọn méjèèjì pọ̀ báyìí. Ní 1948, ilé iṣẹ́ Rover ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ Land Rover jáde, ọkọ̀ tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa ní àwọn ọ̀nà ilẹ̀ Áfíríkà. Ogun Àgbáyé Kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, irin ṣọ̀wọ́n, ìjọba ló ń pín in. Nítorí náà, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà. Egungun rẹ̀ ńkọ́? Irin ni. Pẹ̀lú gbogbo bí irin ṣe ṣọ̀wọ́n tó, wọn kò fi alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ní 2015, ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà sọ ara ọkọ̀ akẹ́rù F-150 di alumíníọ̀mù kó lè fúyẹ́. Egungun rẹ̀, irin náà ni wọ́n fi sílẹ̀.

Land Rover yẹn tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kejì. Àwọn tó ní ti àtijọ́ máa ń rí i pé ara ọkọ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n egungun nísàlẹ̀ ti jẹrà, torí wọn kò tọ́jú rẹ̀. Níbi tí wọ́n sì ti fi bóòtù de alumíníọ̀mù mọ́ irin, alumíníọ̀mù á ti di lẹ́búlẹ́bú funfun. Kí ló fà á? Bí irin méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà bá fara kanra, tí omi iyọ̀ sì wà láàárín wọn, wọ́n di bátìrì. Ọ̀kan á máa jẹ èkejì. A máa ń pa á lówe pé bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan. Níbí, alumíníọ̀mù ló ń tẹ̀ fún irin.

Nítorí náà, ẹ sọ fún oníṣẹ́ pé kó fi rọ́bà sáàárín àpótí àti egungun. Tó bá jẹ́ táyà àtijọ́ tí wọ́n gé, kó ṣọ́ ọ kí okùn irin inú rẹ̀ má yọrí jáde. Kí ọ̀dà wà lára àwọn méjèèjì. Bóòtù ni kó fi de àpótí mọ́lẹ̀, kó má jó o mọ́ ọn. Alumíníọ̀mù àti irin kì í ṣe é jó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kó fi rọ́bà tàbí ike yí bóòtù náà ká. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè tú àpótí sílẹ̀ láti fọ̀ ọ́, tàbí láti pààrọ̀ rẹ̀ láìfọwọ́ kan egungun.

Ṣé mò ń sọ pé alumíníọ̀mù kò lè ṣe egungun láéláé? Rárá. Ní 1994 ni Audi ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi alumíníọ̀mù ṣe egungun ọkọ̀ A8. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ńlá ló ṣe é, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ìṣirò, àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló sì lè tún un ṣe. Bí oníṣẹ́ kan bá wà ládùúgbò yín tó ní gáàsì àágónì, tó mọ orúkọ alumíníọ̀mù tó fẹ́ lò, tó lè fi iṣẹ́ tó ti lo ọdún mélòó kan lójú ọ̀nà hàn yín, ẹ lè gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba àlòkù fèrèsé. Alumíníọ̀mù fèrèsé rọ̀, ó sì fẹ́lẹ́; gíláàsì àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí wọ́n rọ bí ìkòkò náà kò yẹ, torí ó máa ń fọ́ ni. Fún àpótí, ẹ béèrè páànù tó bá omi òkun mu. 5052 tàbí 5083 ni nọ́ńbà tí ẹ óò gbọ́. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa ohun tí wọ́n tà fún yín, ẹ mú òòfà dání. Òòfà ń gbé irin lásán, kì í gbé alumíníọ̀mù.

Kí n tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ ìlera. Bí ẹ bá lọ wo iṣẹ́ yín lọ́dọ̀ ajórinmọ́rin, ẹ má kó ọmọ dání lọ wo iná. Iná ìjórin ń sun ojú bí oòrùn ṣe ń sun awọ. Ẹni tó wò ó lè má mọ nǹkan kan títí di alẹ́, ojú á wá máa ta á bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n má kán omi ewé tàbí nǹkan mìíràn sí i. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Fún oníṣẹ́ fúnra rẹ̀: irin tó ti wọ aṣọ síǹkì, bí ó bá jó o, èéfín funfun á jáde. Ẹni tó bá fa èéfín yẹn símú lè ní ibà, òtútù àti ara ríro lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì lè ṣì í pe ibà ẹ̀fọn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ gbà pé mílíìkì ló ń pa á. Mílíìkì kì í ṣe oògùn rẹ̀. Kó ha síǹkì kúrò níbi tó fẹ́ jó, kó ṣiṣẹ́ níta níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kó sì bo imú pẹ̀lú ohun tó ń sẹ́ èéfín. Bí èémí rẹ̀ bá ń há, ilé ìwòsàn ni kó lọ kíákíá.

Lórí owó, ẹ má béèrè pé “Èwo ló wọ́n?” nìkan. Ẹ béèrè pé: kí ni ó máa ná wa lọ́jọ́ tí a bá ṣe é, kí ni yóò máa ná wa lọ́dọọdún fún ọ̀dà àti àtúnṣe, ọjọ́ mélòó ni kẹ̀kẹ́ yóò jókòó sílé bó bá bàjẹ́, kí sì ni a ó rí tà á lọ́jọ́ tí a kò fẹ́ ẹ mọ́? Irin tí kò ná yín lówó púpọ̀ lónìí yóò máa béèrè ọ̀dà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò bá ní tọ́jú rẹ̀, kó mọ̀ pé létí òkun, kì í pẹ́ jẹrà. Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ yẹn yóò jẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àjọ fún un.

Ó ku sọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn ètò yìí, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jíròrò lórí ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí:

1. Ẹrù wo ni kẹ̀kẹ́ wa yóò máa gbé, kílò mélòó, lórí irú ọ̀nà wo?
2. Bó bá já lójú ọ̀nà, ta ló lè jó o, báwo ló sì ṣe jìnnà tó?
3. Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́ lálaalẹ́, ta ni yóò máa wò ó lóṣooṣù?
4. Iṣẹ́ wo tí oníṣẹ́ yìí ti ṣe rí ni a lè lọ wò, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín?

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja tẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí, owó àjọ yín jẹ́ òógùn ojú yín. Ọmọkùnrin tó ń ṣe fèrèsé yẹn kò purọ́ fún yín, alumíníọ̀mù dára. Ẹ gbé iṣẹ́ àpótí fún un. Kí ajórinmọ́rin ṣe egungun. Báyìí, àwọn méjèèjì á jẹun, ẹja á dé ọjà, ẹni tó ń wà á náà á padà sílé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Olódùmarè má jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ire o.